Ta Ni Òfin Ń Bá Wí?

Ọ̀nà ńlá tó ti Savalou wá, tó gba Manigri àti Bassila kọjá lọ sí Djougou, ń kó èrò àti ọjà wọ ìlú méjèèjì. Níbikíbi láyé tí awakọ̀ bá ti ń dúró sinmi lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin tó ń fi ara wọn ṣòwò kì í wọ́n níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá délẹ̀, ohun tó máa ń yá ènìyàn lẹ́nu ni pé: « Ẹ lé wọn kúrò nílùú! » Ṣùgbọ́n ta ni òfin ń bá wí gan-an?

Òfin ìjìyà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Code pénal, jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2018. Kò ka obìnrin tó ti dàgbà sí ọ̀daràn nítorí pé ó ń ta ara rẹ̀. Ẹni tí ó ń bá wí ni ẹni tó ń fi ara ẹlòmíràn pa owó. Ti ọmọdé kò sí nínú àríyànjiyàn rárá: ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni, ẹni tó bá sì fi ọmọdé ṣe òwò yìí gbọ́dọ̀ jìyà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá lé obìnrin, tí wọ́n sì fi ẹni tó ń jẹ lára rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ìlera gbogbo ilé wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Kútọnu, ní ọdún 1993, nínú àwọn aṣẹ́wó tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó lé ní ìdajì tó ní kòkòrò àrùn sídà. Ilẹ̀ Kánádà ṣe ìrànlọ́wọ́. Wọ́n ṣí ilé ìwòsàn fún wọn, wọ́n tọ́jú wọn, wọ́n kọ́ wọn ní lílo rọ́bà ìdáàbòbò. Ní ọdún 2008, iye náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 30 nínú 100. Lílé kọ́ ló mú un wálẹ̀. Obìnrin tí wọ́n ń lé kiri a máa sá fún dókítà, àrùn rẹ̀ a sì bá ọkùnrin dé ọ̀dọ̀ ìyàwó ilé.

Ọ̀nà orílẹ̀-èdè kò dọ́gba. Sẹ̀nẹ̀gà ní kí wọ́n forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa gbàyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ ń sá fún un nítorí ìtìjú. Láti ọdún 2016, ẹni tó ra ni Faransé ń bu owó ìtanràn lé.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí òfin kò bá mú aṣẹ́wó, àwọn ọmọbìnrin yóò tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ àti owó ìbẹ̀rẹ̀ òwò ló ń dá ọmọbìnrin dúró. Ẹ̀wọ̀n kò fún ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́. Ìmáàmù àti àlùfáà sì lè máa wàásù lọ.

Ìgbìmọ̀ kómúùnù Bassila kọ́ ló ń ṣòfin. Àwọn aṣòfin ní Àjàṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ó lè rí i pé ilé ìwòsàn ń gba gbogbo obìnrin láìbú wọn, kí ó sì bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí wọ́n lù. Bí olùdíje bá wá tọrọ ìbò ní Manigri, kí àwọn ará ìlú bi í léèrè ohun tí yóò ṣe nípa èyí. Ẹni tó ti mọ̀wé lè ka òfin fúnra rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún fi ariwo rọ́pò òfin níwájú rẹ̀.