Omi Gbígbóná, Omi Tútù àti Ìrora Tí A Kì Í Fẹ́ Dárúkọ

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí ó ti kó ìtìjú bá ọ̀pọ̀ ènìyàn láìṣẹ̀ láìrò. Àtọ̀sí ni ọ̀rọ̀ náà. Bí ìtọ̀ bá ń ta ènìyàn bí ata, àtọ̀sí la ó pè é. Bí ìsàlẹ̀ ikùn bá ń ro ó láti oṣù dé oṣù, tí kò sì rí oorun sùn nítorí pé ó ń dìde lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́fà lóru, àtọ̀sí náà la ó tún pè é. Bẹ́ẹ̀, àrùn tí à ń kó nínú ìbálòpọ̀ ni orúkọ yìí kọ́kọ́ ń mú wá sí ọkàn ẹni tí ó bá gbọ́ ọ. Nítorí náà, ìyàwó ilé tí ó bá sọ pé abẹ́ ń dun òun kì í pẹ́ di ẹni tí à ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò: ta ló kó o ràn ọ́? Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kì í bọ́ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi yàn láti dákẹ́, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rín bo ìrora mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìrora yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá jù lọ bí ó ṣe kan àwọn ènìyàn wa ní Òkè-Ògùn. Mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun méjì tí kò ṣòro láti rí nínú ilé ẹnikẹ́ni, tí wọ́n sì lè mú un rọlẹ̀: ooru àti òtútù. Méjèèjì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìrora ni wọ́n ń tù, wọn kì í sọ ohun tí ó fa ìrora fún wa. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò rí ìtura. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè fi omi gbígbóná bo àrùn tí ó yẹ kí oògùn ti wò.

Kì í ṣe gbogbo ìrora àpò ìtọ̀ ni kòkòrò àrùn ń fà. Ní 1915, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Guy Hunner, kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tí egbò wà nínú àpò ìtọ̀ wọn, tí ìrora ọ̀hún sì ti bá wọn fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lóde òní, interstitial cystitis ni àwọn dókítà ń pe irú àìsàn bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní i ni egbò máa ń wà nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Bí àpò ìtọ̀ bá ṣe ń kún ni ìrora ń pọ̀. Bí aláìsàn bá tọ̀ tán, ara á tù ú díẹ̀. Kì í ràn, kì í sì í ṣe èrè àgbèrè. Endometriosis tún wà, níbi tí ohun tí ó jọ awọ inú ilé ọmọ ti ń hù síta ilé ọmọ. Ìrora nǹkan oṣù náà wà. Àwọn ọkùnrin pẹ̀lú máa ń ní ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní abẹ́ àti ní ìsàlẹ̀ ikùn, tí àyẹ̀wò kò sì ní í rí kòkòrò kankan níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn wọ̀nyí, iṣan tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìbàdí máa ń fún pọ̀ nítorí ìrora, fífún pọ̀ náà á sì tún dá ìrora mìíràn sílẹ̀.

Ìbátan mi obìnrin kan wà ní Ìsẹ́yìn, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ aṣọ òfì. Iṣẹ́ ìhunṣọ ni ó ń ṣe. Ẹni tí ó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń hunṣọ yóò mọ bí a ṣe ń jókòó sídìí òfì láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò ní ìsinmi. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ìrora fi bá a jókòó síbẹ̀. Ní gbogbo àkókò náà, kápúsù ni ó ń rà ní kẹ́mísì, nítorí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí ó gbà láti lọ, wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo inú ikùn rẹ̀. Kò sí àtọ̀sí, kò sí kòkòrò. Ó sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ti sọ ìdajì ẹrù náà kalẹ̀ lórí òun. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ni ó wá kọ́ ọ ní bí a ṣe ń lo ooru àti òtútù. Ìrora náà kò tán pátápátá, àmọ́ ó ti rọlẹ̀. Ó ń hunṣọ, ó sì ń sun oorun mọ́jú lọ́pọ̀ ìgbà.

Ooru kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìyá àgbà wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni kò mọ bí a ṣe ń fi aṣọ ìnura tí a rì bọ omi gbígbóná tẹ ikùn ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí a sì ń ní kí ó jókòó sínú omi gbígbóná? Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ewu náà wà nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn kan gbàgbọ́ pé bí omi kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ hó, kò ní í ṣiṣẹ́. Irú omi bẹ́ẹ̀ ti bó àwọn ìyá ọmọ lábẹ́ rí.

Kí ni ooru ń ṣe gan-an? Ó ń mú kí iṣan tí ó fún pọ̀ dẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn dáadáa níbẹ̀. Ní 1965, Ronald Melzack àti Patrick Wall ṣàlàyé pé ó dà bí ẹni pé ilẹ̀kùn kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn wa: bí ìmọ̀lára mìíràn bá ń gba ibẹ̀ kọjá, àyè tí ìrora yóò fi dé inú ọpọlọ á dín kù. Ṣùgbọ́n ooru ní ààlà. Ní 1997, David Julius àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí ohun tí ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé ata ń ta, wọ́n sì rí i pé ohun kan náà ni ó ń ta jí bí ooru bá tó nǹkan bí 43°C. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa ni pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń tu ara, ṣùgbọ́n omi tí ó bá ti ń ta ènìyàn ti kúrò ní ìtọ́jú, ó ti di ìrora tuntun.

Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2001 fi hàn pé ooru nǹkan bí 39°C, tí àwọn obìnrin so mọ́ ìsàlẹ̀ ikùn fún wákàtí méjìlá lóòjọ́, mú ìrora nǹkan oṣù rọlẹ̀ tó bí ibuprofen ṣe mú un rọlẹ̀. Ní ti àpò ìtọ̀, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìtọ̀ ní Amẹ́ríkà, American Urological Association, ka ooru àti òtútù mọ́ ohun tí aláìsàn lè ṣe fúnra rẹ̀ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2011.

Bí a ṣe ń lo ooru nìyí. Ẹ da omi gbígbóná, kì í ṣe omi híhó, sínú rọ́bà olómi gbígbóná, kí ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ sì gbé e lé ìsàlẹ̀ ikùn tàbí ẹ̀yìn ìbàdí fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Ẹ má sùn lé e lórí. Bí iná mànàmáná kò bá sí, fúláàsì tí a rọ omi sí láàárọ̀ lè sìn yín di alẹ́. Òkè-Ògùn kò sì ṣaláìní àgbàdo: ẹ rọ àgbàdo gbígbẹ sínú ìbọ̀sẹ̀ òwú lẹ́yìn tí ẹ bá ti yá a lórí iná díẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ dán an wò kí ó tó kan ikùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó sínú omi, kí ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi inú bàsíà wò. Bí ìgbọ̀nwọ́ kò bá lè gbà á, abẹ́ kò lè gbà á. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Omi lásán ni kí ó jẹ́, ẹ má da oògùn apakòkòrò sí i, nítorí ó lè dá ara tí ó ti ń ta tẹ́lẹ̀ lágara.

Òtútù ní tirẹ̀ máa ń mú kí iṣan ìmọ̀lára lọ́ra láti gbé ìrora dé ọpọlọ, ó sì ń mú ara kú tipiri níbi tí ó ń jó. Ó dára fún abẹ́ tí ó ń ta lẹ́yìn ìtọ̀ tàbí lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Ẹ fi aṣọ mímọ́ wé píọ̀ wọ́tà dídì, kí ẹ gbé e sáàárín itan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lórí pátá. Ẹ má jẹ́ kí yìnyín kan awọ ara ní tààrà, ẹ má sì ki nǹkan kan bọ abẹ́. Níbi tí fíríìjì kò bá sí, omi inú àmù ń ṣe bẹbẹ. Omi tí ń sun jáde lára àmù tí atẹ́gùn sì ń gbé lọ ni ó ń mú kí tinú rẹ̀ tutù, nítorí náà ni ó fi ń tutù jù lọ nígbà ọyẹ́.

Èwo ni kí ènìyàn yàn? Ara ẹni ni yóò sọ. Àwọn kan wà tí òtútù ń mú kí iṣan wọn tún fún pọ̀ sí i. Àwọn mìíràn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ooru. Ẹ dán ọ̀kan wò fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tó dán èkejì wò, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí ẹsẹ̀ tàbí abẹ́ rẹ̀ kì í tètè mọ ooru lára, àti aláboyún, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà kí wọ́n tó dá irú èyí láṣà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n padà sí ààlà tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀. Àtọ̀sí ajá wà. Aràn ni ó ń fà á, aràn tí Theodor Bilharz, dókítà ọmọ Jámánì, rí ní Cairo ní 1851. Inú ìṣáwùrú odò ni ó ti ń dàgbà, ó sì ń gba awọ ara wọlé bí ènìyàn bá wọ omi. Omi tí kò ṣàn dáadáa ni irú ìṣáwùrú bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn. Àwọn olùwádìí rí àrùn náà lára àwọn tí ń gbé létí ìsédò Ọ̀yán ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1983. Àwa náà ní ìsédò Ìkéré Gorge lórí odò Ògùn ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ń wẹ̀, tí ó ń fọṣọ tàbí tí ó ń pẹja nínú irú omi bẹ́ẹ̀, tí ó sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, kí ó má ṣe gbé omi kaná. Omi gbígbóná kì í pa aràn inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, bí ènìyàn ṣe tẹ̀wọ̀n sí ni a sì fi ń pín in.

Bákan náà, bí ibà bá tẹ̀ lé ìrora, bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, tàbí bí nǹkan oṣù kò bá wá tí ikùn sì ṣàdédé ń ro kíkankíkan, ẹ má dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ṣakí àti ní Ìsẹ́yìn, Baptist Medical Centre wà ní Ṣakí, wọ́n sì lè darí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá le sí UCH ní Ìbàdàn.

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí a fi sílẹ̀, òmíràn sì wà tí mo fẹ́ kí a fi rọ́pò rẹ̀. Bí ẹnìkan nínú ilé bá sọ pé abẹ́ ń dun òun, ẹ má bi í pé ta ló kó o ràn án. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni ó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì bá a dé ibi àyẹ̀wò. Bí ẹ bá ti ibẹ̀ dé, ẹ wá bá a gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú bàsíà.