Ta Ló Mọ Bí Irin Yẹn Ṣe Nípọn Tó?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ọdún wa tò já bọ́ lójú ọ̀nà ẹ̀yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Eré wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń súnmọ́ 60 kìlómítà ní wákàtí kan. A kan gun ẹyọ bọ́ǹpù kan báyìí, ìyẹ́ náà ya pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ń yí gbirigbiri lẹ́yìn wa bí páànù tí ìjì ṣí lórí ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ rí fídíò rẹ̀ lórí WhatsApp, ẹ ti rẹ́rìn-ín tó. Ohun tó ń dùn mí kò sí nínú fídíò. Nígbà tí olùkọ́ wa dé, tí wọ́n bi wá pé báwo ni irin ẹsẹ̀ ìyẹ́ yẹn ṣe nípọn tó, àwa mẹ́fà tí orúkọ wa wà lórí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wa. A kò mọ̀. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀? Wẹ́dà ẹ̀bá títì ló ṣe é. A dáwó jọ, a fi àwòrán kan han ẹ̀gbọ́n náà lórí fóònù, a jókòó sórí bẹ́ńṣì wọn, a ń mu píọ́ wọ́tà títí iṣẹ́ fi parí.

Mi ò bú ẹ̀gbọ́n wẹ́dà o. Géètì àti irin ojú fèrèsé ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́, iṣẹ́ wọn sì mọ́. A ní kí ìyẹ́ náà dúró, ó dúró. A kò sọ fún wọn pé ọkọ̀ náà yóò máa gbọ̀n. Àwa la ní kí wọ́n fi bóòtù mẹ́rin de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìdérí búùtù tó jẹ́ fáíbà lásán, nítorí pé bó ṣe rí nínú àwòrán nìyẹn, bẹ́ẹ̀ férémù irin tó lè gbà á dúró wà lábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò tó yẹ ká ti ṣe kí a tó dáwó. Ìyẹ́ wa gùn ní mítà 1.2, ó fẹ̀ ní mítà 0.33, ojú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 0.4. Ká tiẹ̀ ṣàánú rẹ̀, ká ka coefficient rẹ̀ sí 1. Ní 60, bíi kìlógíráàmù 7 ni atẹ́gùn yóò fi tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ ọlọ́dún kan wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára yìí á di ìlọ́po mẹ́rin. Ní 120, á tó 27, ó lé díẹ̀ ní ìdajì àpò sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wa kò lè sá 120, àfi bí wọ́n bá tì í láti orí Olúmọ. Ìyẹ́ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? A gbé e sórí òṣùwọ̀n lẹ́yìn tó já: kìlógíráàmù 11. Kì í ṣe atẹ́gùn ló já a. Ẹrù kìlógíráàmù 11 yìí ló ń fò sókè sódò lórí fáíbà ní gbogbo bọ́ǹpù, títí ojú ihò bóòtù fi fàya.

Àwọn ọ̀gá pàápàá ti jìn sí irú kòtò yìí rí. Lotus ti Colin Chapman ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta Lotus Seven ní 1957, ọkọ̀ tí àwọn ará Bírítéènì ń rà ní tútú palẹ̀ láti tò nílé ara wọn kí owó orí ọjà má baà kàn wọ́n. Lotus yìí kan náà ló gbé ìyẹ́ gíga lórí ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ìdíje Montjuïc ní Barcelona ní May 4, 1969. Ìyẹ́ ọkọ̀ Graham Hill ṣẹ́, kò pẹ́ púpọ̀ ti Jochen Rindt náà ṣẹ́ ní ibì kan náà, ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé Rindt lọ. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti fòfin de ìyẹ́ gíga. Ṣùgbọ́n Hill yẹ àfọ́kù tirẹ̀ wò, ó sì mọ ohun tó ṣẹ́. Àwa yẹ tiwa wò, a ò mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé iṣẹ́ ẹnjiníà ni láti ya àwòrán, iṣẹ́ wẹ́dà ni láti jó irin. Mo gbà. Àwòrán wa dà?

Mo gbọ́ pé àwọn 400 level fẹ́ fi diffuser sí abẹ́ ẹ̀yìn tiwọn. Ó dára, àmọ́ diffuser ń fẹ́ kí abẹ́ ọkọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kó sì súnmọ́ ilẹ̀. Bí ẹ bá gbé e ga ju bíi dígírì 10 lọ, atẹ́gùn kò ní tẹ̀ lé e mọ́. Àwọn bọ́ǹpù inú ọgbà yìí sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró dè yín. Ẹ kọ́kọ́ ra ìdì òwú kan. Ẹ gé e ní gígùn ìka, ẹ fi téépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ káàkiri, kí ẹnì kan máa ya fídíò láti inú ọkọ̀ mìíràn. Ibi tí òwú bá sùn tààrà, atẹ́gùn ń tẹ̀ lé ara ọkọ̀. Ibi tó bá ń jó tàbí tó ń yí padà síwájú, atẹ́gùn ti já kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ fi pílíwúùdù àti POP gbẹ́ móòdù tiyín, kí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ́ fáíbà lé e lórí ní ìpele ìpele. Rẹ́sìn á yọ yín lẹ́nu. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè tí ẹ bi wá lọ́jọ́ yẹn, ẹ máa bi wá kí ẹ tó fọwọ́ sí iṣẹ́. Lọ́jọ́ ìpàtẹ, máàkì gbọ̀ọ̀rọ̀ ni wọ́n fún ìyẹ́ wa torí pé ó ń dán. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ fi owó ràn wá lọ́wọ́, a dúpẹ́ púpọ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ fáíbà nínú yín, yálà ti ọkọ̀ ojú omi ni tàbí ti táńkì omi, kó jọ̀ọ́ wá lo Sátidé kan péré pẹ̀lú wa.

Ìyẹ́ náà ti di ìjókòó lẹ́yìn ilé ìkẹ́rọsí wa. Mo fi caliper wọn irin ẹsẹ̀ rẹ̀ lánàá: mílímítà 2 ni.