Ọ̀ta àti Òpè: Ta Ni Ó Ni Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Wa?

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ni bọ́ọ̀lù ń wá nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ Yorùbá. Èsì mi kò gùn. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn baba wa ṣe ń ta ayò, tí ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ja ìjàkadì, yóò mọ̀ pé eré kì í ṣe ohun tí à ń fi ojú kékeré wò láàárín wa. Nídìí ọpọ́n ayò, ọ̀ta ni àwọn ènìyàn ń fẹ́ kí ó bá ọ̀ta jókòó. Bí ọ̀ta bá ń fi òwúrọ̀ di alẹ́ jẹ òpè, àwọn òǹwòran yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọn yóò yán, lẹ́yìn náà wọn yóò wá ilé wọn lọ.

Àríyànjiyàn kan tí ó máa ń wáyé ní Moniya níbi tí mo ń gbé ni ó mú mi gbé kálàmù. Ní àwọn ilé ìwòran wa, níbi tí à ń san owó láti wo bọ́ọ̀lù òkè òkun, àwọn ọ̀dọ́ a máa fi líìgì àwọn ará Jámánì ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní líìgì tí ènìyàn ti mọ ẹni tí yóò gba ife kí wọ́n tó fọn fèrè kì í ṣe líìgì. A kò lè sọ pé wọ́n parọ́. Láti ọdún 2013 títí di ọdún 2023, Bayern Munich ni ó ń gba ife náà, ìgbà 11 léra wọn láìsí ẹni tí ó já a gbà. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n dá Bundesliga sílẹ̀ ní ọdún 1963, Bayern kò sí lára àwọn ẹgbẹ́ 16 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1965 ni wọ́n tó wọlé.

Báwo ni ẹni tí ó wọlé lẹ́yìn ṣe wá di onílé? Owó ni, ọgbọ́n ìṣàkóso sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá gba ife ni yóò lọ bá àwọn ọ̀gá Yúróòpù figagbága, ibẹ̀ ni owó ńlá wà, owó náà ni yóò sì fi ra ẹni tí yóò bá a gba ife ọdún tí ń bọ̀. Borussia Dortmund gba ife ní ọdún 2011 àti 2012. Kí ni Bayern ṣe? Ní ọdún 2013 ó mú Mario Götze kúrò lọ́dọ̀ wọn, nígbà tí ó di ọdún 2014 ó mú Robert Lewandowski pẹ̀lú. Ẹni tí ó sáré lé ọ bá lánàá, o ra ẹsẹ̀ rẹ̀ lónìí; báwo ni yóò ṣe tún lé ọ bá? Ní ọdún 2024 ni Bayer Leverkusen tó gba ife náà, wọn kò sì pàdánù eré kan ṣoṣo nínú 34 tí wọ́n gbá. Ọdún kan péré ni inú wọn fi dùn. Ní 2025 Bayern ti gba ife rẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n kí a tó máa rẹ́rìn-ín ará Jámánì, ẹ jẹ́ kí a yẹ ilé tiwa wò. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti rí irú rẹ̀ ṣáájú. ASEC Mimosas ti ìlú Abidjan gbá eré líìgì 108 láàárín 1989 sí 1994 láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni borí wọn. Ní Nàìjíríà níbí, Iwuanyanwu Nationale ti ìlú Owerri gba ife líìgì ní ìgbà 4 léra, láti 1987 títí dé 1990. Enyimba ti ìlú Aba gba márùn-ún láàárín ọdún méje: 2001, 2002, 2003, 2005 àti 2007. N kò ní bu Enyimba kù o. Àwọn ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife àwọn ọ̀gá Áfíríkà, ní ọdún 2003, wọ́n sì tún un gbà ní 2004. Láti ìgbà náà, kò sí ẹgbẹ́ mìíràn ní orílẹ̀-èdè yìí tí ó tún gbà á.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu rè é. Láti 2016 títí di 2025, ẹgbẹ́ méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó gba ife líìgì Nàìjíríà: Rangers, Plateau United, Lobi Stars, Enyimba, Akwa United, Rivers United àti Remo Stars. Líìgì ọdún 2020 kò parí nítorí àrùn kòrónà. Láàárín ọdún mẹ́wàá kan náà, ẹgbẹ́ méjì péré ni ó gbà á ní Jámánì, Bayern sì ni ó gba mẹ́sàn-án nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kí ife máa yí ká nìkan ni bọ́ọ̀lù ń fẹ́, tiwa ni ìbá dùn jù. Kí ló dé tí pápá ìṣeré Dortmund tí ó ń gba ènìyàn tí ó lé ní 80,000 fi ń kún, tí àwọn ìjókòó tiwa sì ń ṣófo? Kí ló dé tí ọmọ Moniya fi mọ orúkọ gbogbo àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún Bayern, tí kò sì lè dárúkọ mẹ́ta nínú àwọn tí ń gbá a fún Shooting Stars ní Adamasingba, tí kò ju kí ó wọ Micra gba Òjòó àti Ṣáńgo lọ?

Èrò tèmi ni pé ìjẹgàba ẹgbẹ́ kan kọ́ ni àrùn wa. Àrùn wa ni àpò tí ife ń tẹ̀ lé. Bí gómìnà ìpínlẹ̀ kan bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ife a gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ. Bí gómìnà bá yí padà, tàbí tí owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù bá dúró, ife a tún gba ibòmíràn lọ. Nínú àwọn méje tí mo kà sílẹ̀ yẹn, Remo Stars nìkan ni kì í ṣe ti ìjọba. Ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Ẹni tí ń wòran kò ní nǹkan kan níbẹ̀ ju ariwo ẹnu rẹ̀ lọ.

Ìbàdàn wa yìí ti rí èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àárín ọdún 1980 sí 1989, ilé-iṣẹ́ Leventis dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú yìí, Leventis United. Wọ́n gba ife Challenge Cup ní 1984, wọ́n dé àṣekágbá ìdíje Áfíríkà ní 1985 kí Al Ahly ti Íjíbítì tó borí wọn, wọ́n sì gba líìgì àti Challenge Cup pọ̀ ní 1986. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ náà tú ẹgbẹ́ ká, ó parí. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta náà gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987 pẹ̀lú owó Olóyè M. K. O. Abíọ́lá. Rashidi Yekini tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ni wọ́n mú lọ ní 1984, gẹ́gẹ́ bí Bayern ṣe mú Lewandowski. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Bayern ṣì wà, Dortmund sì ṣì wà. Abiola Babes dà? Leventis United dà?

Bí àwọn àgbà ìlú yìí bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn bọ́ọ̀lù, kì í ṣe ìgbà tí ẹnìkan ń dá gba ife ni wọ́n máa ń sọ. Ìgbà tí Ìbàdàn àti Enugu ń du ara wọn ni. Rangers gba líìgì ní 1974 àti 1975, Shooting Stars tí à ń pè ní IICC nígbà náà gbà á ní 1976, Rangers gbà á padà ní 1977. Ní 1976 kan náà, IICC borí Tonnerre ti Yaoundé, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún kejì, ta ni ó já ife náà gbà? Rangers ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ lé IICC dànù ní ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá. Ọ̀ta ń bá ọ̀ta jókòó nígbà náà. Nígbà tí Nàìjíríà sì na Algeria ní 3–0 ní Èkó láti gba ife Áfíríkà ní 1980, Christian Chukwu ti Rangers ni ó jẹ́ ọ̀gákọ̀ fún wọn, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Muda Lawal tí wọ́n wá láti Ìbàdàn ni wọ́n sì gbá gbogbo góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Ìdíje àárín àwọn méjì yẹn ni ó pọ́n wọn bí ọ̀bẹ.

Ẹnìkan lè sọ pé àpò ìjọba náà ni ó bọ́ IICC àti Rangers. Òótọ́ ni. Orúkọ tí ẹgbẹ́ Ìbàdàn jẹ́ nígbà náà, WNDC, lẹ́yìn rẹ̀ IICC, orúkọ ilé-iṣẹ́ ìjọba ni. Ṣùgbọ́n ìlú kún pápá nígbà yẹn, kò sì sí tẹlifíṣọ̀n tí ń gbé Munich wá sí Moniya. Ìgbà ti yí padà, a kò sì yí bí a ṣe ń ṣe é padà. Shooting Stars gba líìgì kẹ́yìn ní 1998. Ní 2017 wọ́n já wá sí ìpele kejì, ó sì di 2021 kí wọ́n tó padà gòkè.

Ibi tí ó yẹ kí a ti kọ́ ẹ̀kọ́ lára ará Jámánì nìyí, ẹ̀kọ́ náà kò sì sí nínú iye ife Bayern. Òfin wọn ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń san owó ọdọọdún, ni ó gbọ́dọ̀ ní èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú ìbò. Olówó lè kó owó wá, ṣùgbọ́n kò lè fi owó náà gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. N kò ní fi òtítọ́ pamọ́: òfin náà kò dá Bayern dúró, Leverkusen tí ó sì já ife gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2024 wà lára àwọn díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀, nítorí pé ilé-iṣẹ́ olóògùn Bayer ni ó ni ín. Leventis tiwọn nìyẹn, àmọ́ láti 1904 ni tiwọn ti wà. Ohun tí òfin náà ṣe ni pé ó jẹ́ kí ẹni tí ń pàdánù ní ìdí tí yóò fi padà wá lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e.

Ní 2025, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba líìgì, ìgbà àkọ́kọ́ tí ife náà yóò wá sí ilẹ̀ Yorùbá láti ìgbà tí Julius Berger ti gbà á ní 2000. Olóyè kan ṣoṣo, Kúnlé Ṣónámẹ̀, ni ó ni ẹgbẹ́ náà. Inú mi dùn sí i gan-an, ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọba kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n àpò kan náà ni, ọkàn mi kò sì balẹ̀ tán, nítorí mo mọ ìtàn Abẹ́òkúta.

Nítorí náà, ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pín Shooting Stars sí ọ̀nà méjì, kí ó di ìkan mú, kí ó sì ta èyí tí ó ju ìdajì fún àwọn ará ìlú ní owó tí oníṣẹ́ ọwọ́ lè san, kí ẹnikẹ́ni má sì ní ju ìbò kan lọ, ì báà ṣe olówó, ì báà ṣe olóṣèlú. Àwọn kan yóò ní àwọn olóṣèlú yóò ra káàdì fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a pọ̀ nínú rẹ̀ ju wọn lọ. Kí wọ́n ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ sí Adamasingba, Òjòó, Moniya àti ẹnu ọ̀nà ọgbà yunifásítì wa. Mo sì dá a lábàá fún ìgbìmọ̀ alákòóso ẹgbẹ́ wa yìí pé kí wọ́n kọ lẹ́tà lórí rẹ̀ kí sáà yìí tó parí. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹni tí yóò gbé lẹ́tà náà lọ, mo wà níbí.