ÌLERA ẸBÍ: Wọ́n Fara Jọra, Àmọ́ Wọn Kì í Ṣe Ọ̀kan Náà

 

Lẹ́yìn ìpàdé wa tó kọjá, níbi tí a ti ń palẹ̀ àwo mọ́, ìyá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ rẹ̀ kékeré, ọmọ ọdún 6, ní ọ́tísíìmù. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, ọmọ ọdún 19, ti ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́ láti bí oṣù méjì. Àwọn ará ilé ní ohun kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì, pé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò fi dá ẹ̀gbọ́n padà sílé. "Àǹtí, ṣé òótọ́ ni?" Ó gbà kí n dá a lóhùn níbí, láìdárúkọ.

Ẹ má bínú sí àwọn ará ilé. Àwọn dókítà pàápàá ti da méjèèjì pọ̀ rí. Eugen Bleuler, dókítà ará Switzerland, ló mú ọ̀rọ̀ náà "autism" jáde ní nǹkan bí ọdún 1910, fún bí àwọn tó ní àrùn schizophrenia ṣe máa ń ká ara wọn kò sínú ayé tiwọn. Ní 1943, Leo Kanner ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí tiwọn yàtọ̀. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní alárùn ọpọlọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1980 ni ìwé tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀ tó ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ MRI máa ń ya àwòrán inú orí láì fi abẹ kàn án. Ní 2010, àwọn olùwádìí kó irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jọ láti inú ọ̀pọ̀ ìwádìí, wọ́n sì rí ibì kan tó dín díẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Lára wọn ni insula, tó ń jẹ́ ká mọ ohun tó ń lọ nínú ara wa, àti thalamus, tó dà bí oríta tí ohun tí a rí àti ohun tí a gbọ́ ń gbà kọjá. Wọ́n tún rí ibi tí kálukú ti yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: ìṣirò àpapọ̀ ni. Òótọ́ ni pé ọkùnrin ga ju obìnrin lọ lápapọ̀, àmọ́ ta ló lè fi gíga nìkan mọ̀ bóyá ọkùnrin ni ẹnì kan? Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí àwòrán ọpọlọ tó lè sọ pé ọmọ kan ní ọ́tísíìmù tàbí pé orí rẹ̀ fẹ́ dàrú. Ìwà àti ìtàn ọmọ náà ni dókítà ń wò.

Láti kékeré ni ọ́tísíìmù ti máa ń hàn: ọmọ kì í dáhùn orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ń to nǹkan sórí ìlà. Bí a ṣe dá a ni, kì í ṣe ohun tí a ń lé jáde. Ohùn àìrí àti ìfura tí kò nídìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà ọ̀dọ́, wọ́n sì ní ìtọ́jú. Àwọn ohun àjogúnbá kan so méjèèjì pọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè bá ara wọn nínú ilé kan. Ẹni tó ní ọ́tísíìmù sì lè tètè ní èkejì ju ẹlòmíì lọ, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ní i láéláé. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má tìtorí ọ́tísíìmù dẹ́kun Yorùbá sísọ sọ́mọ. Èdè méjì kọ́ ló fà á. Tí ọmọ bá sì ń gbọ́ ohùn, ẹ má dúró. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sọ fún dókítà yín pé kó fi í lé àwọn Early Intervention in Psychosis lọ́wọ́, tàbí kí ẹ pe 111, kí ẹ sì tẹ 2. Bí ewu bá wà, 999 ni. Bí ọmọ bá ń bo ojú nítorí ọ̀wọ̀ àgbà, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún dókítà, kó má baà ṣì í mú.

A máa ń wí pé wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Òwe yẹn ti mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ọmọ mọ́lé. Ṣùgbọ́n ní 1954, ní Arò l'Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò fi àwọn aláìsàn sínú abúlé, ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń gbàtọ́jú ní ọsibítù. Gbogbo ayé wá kọ́gbọ́n níbẹ̀. Kò fi wọ́n pamọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, bí àbúrò yín kò bá sọ̀rọ̀, ẹ jókòó tì í, kí ẹ bá a ṣeré. Bí ohùn bá ń bá ọ̀kan nínú yín sọ̀rọ̀, ẹ sọ fún wa. A ò ní bínú.

Ìyá yẹn ti bá ọmọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Tíkẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà nínú báàgì rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀.

Ó dìgbà kan ná.