Àgbà Tó Fẹ̀yìn Tì, Ta Ló Ń Bẹ̀ Ẹ́ Wò?

Láti òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà dé Agége, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ fi gbogbo agbára wọn ṣe. Bí wọ́n bá fẹ̀yìn tì, owó ilé Èkó a lé àwọn mìíràn padà sábúlé. Bàbá á jí ní aago mẹ́rin ìdájí, á wọ bàtà, á wá rántí pé kò sí ọkọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀. Oorun ò kun ojú, oúnjẹ ò wọlé. Ará ilé á ní ara ogbó ni. Irọ́ ni! Ó lè jẹ́ ìsoríkọ́, ìsoríkọ́ kì í sì í ṣe ara ogbó. Àìsàn tó nítọ̀ọ́jú ni.

Ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ kò ṣàjèjì sí wa. Ní 1954, ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lambo fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ọpọlọ ibẹ̀ ká, mọ̀lẹ́bí wà lọ́dọ̀ wọn, ìtọ́jú sì ń lọ. Ní oṣù kìíní 2023, Ààrẹ ìgbà náà, Buhari, buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun.

Ṣùgbọ́n òfin inú ìwé kì í wọ mọ́tò lọ sóko. Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún àgbà ní abúlé lè bi í pé: "Bàbá, ṣé ẹ ń sùn? Kí ló ń dùn mọ́ yín?" Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹ̀yin ọmọ tó wà l'Ékòó, ẹ pe ilé lónìí.