Lẹ́tà kan, ọ̀nà mẹ́rin: Ìdí tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ orúkọ Yorùbá nù

Bí ẹnì kan bá forúkọ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí Adébọ́lá, pẹ̀lú gbogbo àmì tó yẹ kó wà lórí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí akọ̀wé tẹ orúkọ yìí kan náà lọ́jọ́ kejì, kí kọ̀ǹpútà sì dáhùn pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé akọ̀wé ṣi orúkọ tẹ̀. Ó yẹ kí àwa tí a ni èdè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, kí a má baà gbé ẹjọ́ lọ bá ẹni tí kò jẹ̀bi.

Unicode ni ètò tí àgbáyé fohùn ṣọ̀kan lé lórí, tó fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá wọn mọ̀. Ọdún 1991 ni ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Àwọn lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn níbẹ̀. Kódà, àwọn ará Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ. Ṣùgbọ́n bí àmì ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ bá ti gun orí ẹ tàbí ọ, nọ́ńbà kan kò tó mọ́. Ṣe ni a ó to méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹnì kan lè tẹ ọ, kó wá fi àmì ohùn lé e lórí. Ẹlòmíràn lè mú ó tó ti ní àmì lórí tẹ́lẹ̀, kó fi àmì abẹ́ sí i. Ẹnì kẹta yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí o lásán, yóò fi àmì abẹ́ ṣáájú. Ẹnì kẹrin yóò fi tòkè ṣáájú. Ọ́ kan náà ni ojú ń rí.

Ẹ jẹ́ ká mú Python, ọ̀kan lára àwọn èdè tó gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá bi í pé ṣé ọ́ àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹta dọ́gba, yóò ní rárá. Bí ẹ bá ní kó ka iye lẹ́tà tó wà nínú wọn, yóò pe àkọ́kọ́ ní méjì, yóò pe ẹ̀kẹta ní mẹ́ta. Nọ́ńbà ló ń kà, kì í ṣe lẹ́tà.

Ohun tó dunni ni pé oògùn rẹ̀ wà nílẹ̀. Nínú àpò irinṣẹ́ tó ń bá Python wá, irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ unicodedata, tó lè sọ ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀kan. Java ti ní irú rẹ̀ láti 2006, JavaScript láti 2015. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ ètò gbọ́dọ̀ rántí pè é, ọ̀pọ̀ kì í sì rántí. Swift, èdè tí Apple gbé jáde ní 2014, kò dúró de ìránnilétí: lójú tirẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, lẹ́tà kan sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn kan yóò ní irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń fa kọ̀ǹpútà sẹ́yìn. Òótọ́ ni, àmọ́ kí ni èrè ìyára tí kò rí orúkọ oníbàárà?

Àwọn mìíràn lè ní kí Unicode fún ọ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Òfin ètò náà kò gbà á mọ́: bí wọ́n tilẹ̀ fi sí i lónìí, irinṣẹ́ ìsọdọ̀kan yóò tún tú u palẹ̀ ni.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń gbá gbogbo àmì dànù kí ìwákiri lè rọrùn. Lọ́wọ́ wọn, ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ọkọ́ tí à ń fi ro oko àti ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù, oko ni gbogbo wọn ń dà.

Ẹjọ́ kù lọ́wọ́ àwọn òǹtẹ̀wé kan pẹ̀lú, tí wọ́n ń fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán sí abẹ́ lẹ́tà dípò àmì roboto. Lójú Unicode, àwọn àmì méjèèjì kò bára tan rárá, kò sì sí irinṣẹ́ ìsọdọ̀kan kankan tó lè pa wọ́n pọ̀. Níbẹ̀, àfi kí àwọn tó ń ṣe bọ́tìnnì Yorùbá fẹnu kò sórí ọ̀kan.