Òfin kan náà fún erin àti èlírí: Ohun tó ń dí àwọn apọntí kékeré lọ́wọ́ ní Nàìjíríà

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Diageo tó fi ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù ṣe ibùjókòó kéde pé òun yóò ta ìpín òun nínú Guinness Nigeria, ìyẹn ìpín méjìdínlọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún (58%), fún ilé-iṣẹ́ Tolaram. Kí ọdún náà tó parí, òwò ti parí. Bẹ́ẹ̀ ni ọtí dúdú tí wọ́n ti ń pọn ní Ìkẹjà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ òmìnira Nàìjíríà, ṣe bọ́ sọ́wọ́ olówó mìíràn. Oṣù méjì ṣáájú ni Nigerian Breweries, àwọn tó kọ́kọ́ gbé ọtí Star jáde lọ́dún 1949, ti sọ pé àwọn yóò dá iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ ní méjì nínú ilé ìpọntí mẹ́sàn-án tí àwọn ní. Ní ọdún 2023 nìkan, àdánù ilé-iṣẹ́ yìí lé ní bílíọ̀nù 106 náírà.

Ohun tó fa wàhálà náà kò fara sin. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ yọwọ́ nínú bí wọ́n ṣe ń di náírà mú. Dọ́là kan tí ó wà ní bíi 460 náírà ní ọjà ìjọba ṣáájú ìgbà náà ti lé ní 900 náírà kí ọdún tó parí. Gbèsè dọ́là tó wà lọ́rùn àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí wúwo sí i lóru ọjọ́ kan, owó èròjà tí wọ́n ń rà láti òkèèrè sì gbówó lórí. Wọ́n fi kún owó ọtí, àwọn ọ̀mu sì dín iye ìgò tí wọ́n ń ṣí kù. Bí ìyà bá ń jẹ erin báyìí, ó yẹ kí àwọn ènìyàn béèrè bí nǹkan ṣe rí fún èlírí.

Èlírí wà lóòótọ́. Àwọn ni apọntí kékeré, tí ọtí wọn ń jẹ́ craft beer lẹ́nu àwọn òyìnbó. Ìkòkò ìpọntí wọn kò tóbi, iye tí wọ́n ń pọn lẹ́ẹ̀kan kò pọ̀, wọn kì í sì í pọn irú ọtí kan ṣoṣo láti ọdún dé ọdún. Wọ́n lè gbé ọtí kan jáde fún ìgbà ọyẹ́, kí wọ́n gbé òmíràn jáde fún ìgbà òjò, kí wọ́n sì fi kọfí, koko tàbí oyin dán ẹ̀kẹta wò. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ní Nàìjíríà ni Bature Brewery, tó bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá ní ìparí àwọn ọdún 2010 kí ó tó wá sí Èkó. Orúkọ tó ń jẹ́ gan-an ń sọ̀rọ̀: òyìnbó ni àwọn Haúsá ń pè ní bàtúrè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì rò pé bí orúkọ náà ti rí ni iṣẹ́ náà rí, pé ìgbádùn àwọn òyìnbó àti ọmọ olówó ní Victoria Island ni.

Èrò yìí kò tọ̀nà. Kí ìgò bíà àkọ́kọ́ tó dé èbúté Èkó ni àwọn ìyá ilẹ̀ Yorùbá ti ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Wọn a rẹ àgbàdo sómi, wọn a jẹ́ kí ó hù, wọn a sá a sóòrùn, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sè é, wọn a sì fi í sílẹ̀ kí ó kan. Bí ẹni tó ń ṣe bíà ní Jámánì bá dúró tì wọ́n, kò sí ìgbésẹ̀ kan níbẹ̀ tí kò ní yé e, nítorí ọ̀nà kan náà ni òun ń gbà sọ ọkà báálì di ọtí. Bákan náà ni àwọn ará Òkè Ọya ń fi ọkà bàbà pọn bùrùkùtù. Ìkòkò kékeré ni, ọtí tí kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́ ni, ẹni tó pọn ọ́n ló sì ń tà á. Kò sí ohun mìíràn tí iṣẹ́ apọntí kékeré túmọ̀ sí.

Ohun kejì tó jẹ́ ti ilẹ̀ yìí nínú iṣẹ́ náà ni oúnjẹ. Yorùbá kì í ya ọtí nípa kúrò lára ohun tí wọ́n ń fi pa á lẹ́nu. Ẹran ìgbẹ́ ń bá ẹmu rìn. Bíà tútù ń bá pẹ́pẹ́súùpù rìn, pàápàá ti ẹja àrọ̀ tí oníbàárà fi ìka tọ́ka sí láàyè nínú ọpọ́n omi. Àsun àwọn ará Oǹdó àti súyà àwọn Haúsá kò sì jìnnà sí ilé ọtí kankan tó bá mọ ohun tó ń ṣe. Ibi tí apọntí kékeré ti yàtọ̀ ni pé ó lè fi oúnjẹ ṣe òṣùwọ̀n kí ó tó pọntí. Ó mọ̀ pé bí bíà bá korò jù, ata pẹ́pẹ́súùpù yóò máa ta ènìyàn lẹ́nu sí i ni, nítorí náà ọtí fífúyẹ́ tí kò korò púpọ̀ ló yẹ ẹ́. Ọtí dúdú tó ní òórùn kọfí sì bá ẹran tí iná ti jó létí mu. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń pọn ọ̀kẹ́ àìmọye ìgò lójúmọ́ kò lè máa tìtorí oúnjẹ àdúgbò kan yí ọtí rẹ̀ padà.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí irú àwọn apọntí wọ̀nyí kò fi tó nǹkan ní orílẹ̀-èdè tó fẹ́ràn bíà tó báyìí? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn àwọn orílẹ̀-èdè tó ti kojú irú ìṣòro yìí rí.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ilé ìpọntí tó kù ní Amẹ́ríkà kò tó ọgọ́rùn-ún (100). Àwọn ńlá ti gbé àwọn kékeré mì, gbogbo bíà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn lẹ́nu. Òfin ló kọ́kọ́ yí i padà. Láti ọdún 1977 ni wọ́n ti dín owó-orí kù fún àwọn ilé ìpọntí tí ọtí wọn kò pọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter tún buwọ́ lu òfin tó gba ọmọ ìlú láàyè láti pọn bíà mímu nílé láìsan owó-orí. Láàrin àwọn tó ń fi ìkòkò ilé ìdáná wọn dánra wò ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn apọntí tó wá gbajúmọ̀ ti jáde. Ní ọdún 1982 ni Bert Grant ṣí ilé kan sí ìlú Yakima ní ìpínlẹ̀ Washington, níbi tí wọ́n ti ń pọn bíà tí wọ́n sì ń ta oúnjẹ lábẹ́ òrùlé kan náà. Irú rẹ̀ kò sí mọ́ láti ìgbà tí ìjọba ibẹ̀ ti fòfin de ọtí ní ọdún 1920. Lónìí, ilé ìpọntí kéékèèké tó wà ní Amẹ́ríkà lé ní 9,000. Lóòótọ́, ọjà náà ti kún báyìí: ní ọdún 2024, àwọn tó kógbá sílé pọ̀ ju àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wàhálà ẹni tó yó jù ni ìyẹn, kò jọ ti ẹni tí wọn kò tíì fún ní àwo.

Ìlú Gẹ̀ẹ́sì tún fi ojú ọ̀nà hàn kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2002, Gordon Brown tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà gbé ìlànà kan kalẹ̀: ilé ìpọntí tí bíà tó ń pọn lọ́dún kò bá ju lítà 500,000 lọ, ìdajì owó-orí ọtí ni yóò san. Bí ó bá ṣe ń dàgbà sí i ni ẹ̀dínwó náà yóò máa kéré sí i. Wọ́n ti tún ètò náà ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, wọn kò sì jẹ́ kí ó parẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé iye tí ìgò kan ń ná apọntí kékeré pọ̀ ju iye tó ń ná èyí tó tóbi lọ.

Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ gbé owó-orí tuntun lé ọtí tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ yìí: ọgbọ̀n (30) kọ́bọ̀ lórí sẹ̀ntílítà bíà kọ̀ọ̀kan, tó di kọ́bọ̀ 35 ní ọdún 2019 àti 2020. Lórí ìgò ńlá tó gba sẹ̀ntílítà 60, náírà 18 nìyẹn, kí ó tó di náírà 21. Wọ́n ti tún iye náà gbé sókè lẹ́yìn ìgbà náà. Iye náà gan-an kọ́ ni ẹ̀dùn ọkàn níbí, bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n ni. Òṣùwọ̀n ọdún 2018 náà kò béèrè ẹni tó pọn ọtí tàbí iye tó ń pọn. Ilé-iṣẹ́ tó ń ra ìgò ní ọkọ̀ àjàgbé àjàgbé, tó sì ń dá iná mọ̀nàmọ́ná tirẹ̀ pèsè, àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi jẹnẹrétọ̀ kan mú ọtí inú àgbá mẹ́ta tutù, iye kan náà ni wọ́n jọ ń san lórí sẹ̀ntílítà. Ẹrù kan náà tí erin kò fura sí lè tẹ èlírí pa.

Ti Àjọ NAFDAC tún wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ní làákàyè tí yóò ní kí wọ́n má yẹ ọtí wò, nítorí ayédèrú ọtí ti pa ènìyàn ní orílẹ̀-èdè yìí rí. Ṣùgbọ́n ọjà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fẹ́ dì sínú ìgò tà ló ń gba nọ́ńbà tirẹ̀. Èyí rọrùn fún ẹni tí ọtí rẹ̀ kò yí padà láti ogún ọdún. Ẹni tó fẹ́ gbé ọtí tuntun jáde ní ìgbà mẹ́rin lọ́dún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ní ju páálí díẹ̀ lọ, yóò ti ná èrè rẹ̀ sórí ìwé kí ó tó ta ìgò àkọ́kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn tí kì í mu ọtí ni oko. Ní ọdún 1988, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fòfin de kíkó málìtì ọkà báálì wọ Nàìjíríà. Àwọn ilé ìpọntí fárígá, nítorí ọkà bàbà le koko láti pọn: sítáàṣì rẹ̀ ń fẹ́ ooru tó ju ti báálì lọ kí ó tó rọ̀, èròjà tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà nínú málìtì rẹ̀ kò tó, kò sì ní èèpo tó máa ń ran sísẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Síbẹ̀, wọ́n rí ọgbọ́n dá. Nígbà tí òfin náà kúrò nílẹ̀, ọkà bàbà kò kúrò nínú ìkòkò wọn, títí kan ti ọtí dúdú Guinness. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbin ọkà bàbà jù lágbàáyé. Bí dọ́là bá tún gbéra, apọntí tó gbójú lé báálì ilẹ̀ òkèèrè ni yóò kọ́kọ́ ṣubú. Èyí tó bá ń fi ọkà bàbà, àgbàdo àti gbágùúdá pọntí yóò rí ilẹ̀ tẹ̀, owó rẹ̀ yóò sì máa wọ àpò àgbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀dínwó owó-orí fún ọtí olówó gọbọi kò tọ́ nígbà tí oúnjẹ wọ́n. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, kò sì yẹ kí ìjọba fi owó ilé ìwòsàn ra ọtí fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ohun tó jẹ́ kí ọtí náà wọ́n wà lára ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí yìí, iye tí ìjọba sì lè rí gbà lọ́wọ́ àwọn apọntí tí kò tó nǹkan báyìí kò lè kọ́ ilé ìwòsàn kan. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ilé-iṣẹ́ ńlá yóò pín ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ láti jẹ ẹ̀dínwó. Èyí náà ní oògùn: kí òfin sọ pé ilé ìpọntí tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá ní ìpín nínú rẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ìlú Iléṣà ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1971 ni Olóyè Lawrence Ọmọlé dá International Breweries sílẹ̀ níbẹ̀, ní ìparí ọdún 1978 sì ni ọtí Trophy bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ilé-iṣẹ́ tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà dá sílẹ̀ yìí bọ́ sọ́wọ́ SABMiller ní ọdún 2012, ó sì bá a wọ inú AB InBev ní ọdún 2016. Trophy kò kú, ó tilẹ̀ gbajúmọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n òkè òkun ni wọ́n ti ń pinnu ọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí.

Bí Nàìjíríà bá fẹ́ kí Trophy mìíràn tún hù ní Òṣogbo, Abẹ́òkúta tàbí Adó-Èkìtì, ohun mẹ́ta ló wà níwájú ìjọba: kí owó-orí ọtí máa wo bí apọntí ṣe tóbi tó, kí NAFDAC ní ìlànà àyẹ̀wò tó rọrùn fún ọtí tí wọn kò pọn ju ìwọ̀nba lọ, láìdín ìṣọ́ra kù, kí ẹ̀dínwó tó pọ̀ jù sì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bá ń fi ọkà ilẹ̀ yìí pọntí. Kò sí èyí tó ń béèrè dọ́là nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Títí wọn yóò fi ṣe é, ìyá tó ń se pẹ́pẹ́súùpù ní àdúgbò yóò máa se ọbẹ̀ àdúgbò, ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo náà yóò sì máa jẹ́ ti ẹni tí kò mọ ibi tí àdúgbò ọ̀hún wà.